Owó ẹrù lórí kẹ̀kẹ́ ológeere n'Ìbàdàn: àyè ni wọ́n ń gbowó lé

Bí ẹ bá ti kẹ̀kẹ́ ológeere wọ gáréèjì Ìwó Road, kí ẹ tó kí awakọ̀ tán, ojú rẹ̀ ti kúrò lára yín. Ó ń wo háńdù, ó ń wo táyà, ó ń yíjú wo búùtù ọkọ̀ rẹ̀. Iye tó máa jáde lẹ́nu rẹ̀, inú ìwò yẹn ló ti ń wá. Ẹnu ni wọ́n fi ń dá owó ẹrù n'Ìbàdàn, ojú ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n. Ìdí nìyẹn tí ẹni méjì fi lè gbé irú kẹ̀kẹ́ kan náà lọ sí Mọ́níyà láàárọ̀ ọjọ́ kan náà, kí ọ̀kan san ìlọ́po mẹ́ta ohun tí èkejì san.

Èmi ò gbà pé oríire ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Àyè ni awakọ̀ ń gbowó lé, àyè àti wàhálà tó rò pé ó ń bọ̀. Ẹni tó bá mọ iye àyè tí kẹ̀kẹ́ òun ń gbà, tó dín in kù kó tó dé gáréèjì, tó sì sọ̀rọ̀ owó kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹrù, owó díẹ̀ ló máa san.

Nǹkan kékeré kan kí n tó lọ jìnnà. N'Ìbàdàn òde òní, bí ẹ bá ní "kẹ̀kẹ́" lásán, Márúwá ló máa wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn. Tí ẹ bá ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ pè é ní báísíkù tàbí kẹ̀kẹ́ ológeere, kí ẹ sì sọ bó ṣe rí: ti ọmọdé ni, ti àgbà ni, àbí èyí tó ṣeé ká. Awakọ̀ tó bá dé tó wá bá ohun tí kò retí, ìyàlẹ́nu yẹn náà máa gbowó lórí.

Ìṣirò àyè

Kẹ̀kẹ́ àgbà tí táyà rẹ̀ jẹ́ 26 máa ń gùn tó mítà kan àti sẹ̀ntímítà 70 sí 80, láti imú táyà iwájú dé ìdí táyà ẹ̀yìn. Háńdù rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 60 sí 70. Ó sì ga ju mítà kan lọ díẹ̀. Ìjókòó ẹnì kan nínú ọkọ̀ akérò ò ju nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 40 sí 45 lọ ní fífẹ̀. Tí ẹ bá wá gbé kẹ̀kẹ́ yẹn lódidi sínú kòròpé, ìjókòó mẹ́ta ló gbà, torí háńdù ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí àyè jókòó tì í. Awakọ̀ tó bá ní kí ẹ san owó èèyàn mẹ́ta ò rẹ́ yín jẹ. Èrò mẹ́ta ló máa fi sílẹ̀ lóòótọ́.

Ẹ wá yọ táyà méjèèjì, ẹ yí háńdù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ yọ pẹ́dàlì, ẹ ti síìtì wálẹ̀. Ohun tó kù gùn ju mítà kan lọ díẹ̀, ó ga ní nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 70, ó sì nípọn tó 25 sí 30. Ìyẹn máa dùbúlẹ̀ sórí ẹrù àwọn èrò tó kù, kò ní gba ìjókòó ẹyọ kan.

Ká ní owó ọkọ̀ ẹnì kan lójú ọ̀nà yẹn jẹ́ ₦500. Lódidi, kẹ̀kẹ́ máa san ₦1,500, ẹ̀yin fúnra yín máa san ₦500, ó di ₦2,000. Tí ẹ bá tú u tó wọ búùtù, ohun tí mo kà sí ẹ̀tọ́ ni ìdajì owó ẹnì kan sí owó odidi ẹnì kan, ìyẹn ₦250 sí ₦500. Tí awakọ̀ bá ń bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ẹrù tí kò gba ìjókòó, ẹ nájà, tàbí kí ẹ dúró de ọkọ̀ tó kàn.

Ẹ tún wo ₦2,000 yẹn dáadáa. Micra tó gbé ẹnì kan síwájú àti ẹni mẹ́ta sẹ́yìn, ₦2,000 náà ni gbogbo rẹ̀ ní iye kan náà. Ẹni tí kò bá fẹ́ tú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ rárá, kó kúkú gba Micra ní chátà. Iye kan náà ló máa ná an, kò ní sí ẹni tó máa bá a jà nítorí aṣọ, ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ni wọ́n sì máa já a sí.

Wàhálà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan náà ní iye tirẹ̀. Tí búùtù ò bá pa dé, awakọ̀ ń ronú àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tó lè dá a dúró lójú ọ̀nà. Tó bá rí ọ̀rá dúdú tó ń dán lára ṣéènì, ó ti ń ronú ìyá kan tó wọ léèsì lọ síbi ìnáwó, tí wọ́n máa jókòó tì í. Tó bá rí i pé ẹ ò ì tíì tú u, ó ń ronú ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹ máa fi há a mọ́ ọn lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí àwọn ọkọ̀ ẹ̀yìn ń fọn fèrè. Gbogbo rẹ̀ ló ń bọ́ sínú owó tó ń bèèrè. Ẹ lè mú wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó kúrò nílé.

Ọkọ̀ wo ló yẹ kí ẹ wọ̀?

Micra ló pọ̀ jù n'Ìbàdàn, òun náà ló sì há jù. Búùtù rẹ̀ kéré, táyà àrọ́pò, jáàkì àti gálọ́ọ̀nù awakọ̀ sì ti máa ń gba lára rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ àgbà tí ẹ ti tú tán lè wọ̀ ọ́ tí wọ́n bá ṣí búùtù sílẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n fi okùn so ó. Okùn yẹn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbà á kọjá láàárín sípóòkù táyà. Ara férémù ni kí wọ́n so ó mọ́. Tí nǹkan kan bá yọ síta, ẹ so aṣọ pupa mọ́ ìdí rẹ̀ kí ọkọ̀ ẹ̀yìn lè rí i. Tó bá jẹ́ chátà ni, ẹ ní kí awakọ̀ ká síìtì ẹ̀yìn lélẹ̀: táyà iwájú nìkan lẹ máa yọ, ìyókù máa wọlé gbọọrọ.

Kòròpé dára ju Micra lọ fún ẹrù tó nípọn, torí pé ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ máa ń ṣí gbayawu. Àbùkù rẹ̀ ni pé ẹ̀yìn síìtì ìkẹyìn ò ní àyè tó fi bẹ́ẹ̀ jinlẹ̀. Ẹ jókòó síbi ìkẹyìn, kí ẹ dá férémù tí ẹ ti dì dúró sí ẹ̀yìn yín, kí ẹ sì di àwọn táyà mú sí iwájú orúnkún. Ẹ máa yára wọlé, ẹ sì máa sọ̀ kalẹ̀ láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Márúwá: ẹ gbà á lódidi, ẹ má bá èèyàn pín in. Kẹ̀kẹ́ lódidi tí ẹ yọ táyà iwájú rẹ̀ nìkan lè dùbúlẹ̀ ní ìbú lórí ẹsẹ̀ yín, ṣùgbọ́n ó máa yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀gbẹ́ koríko ni kí ó yọ sí, kó má ṣe yọ sí ẹ̀gbẹ́ tí ọkọ̀ ti ń kọjá.

Ọ̀kadà? Rárá o. Mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é: èrò á fi kẹ̀kẹ́ kọ́ èjìká, á jókòó sẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ máa ń gbá táyà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ń fà yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan; tí ọlọ́kadà bá tẹ búréèkì, háńdù kẹ̀kẹ́ yín ló máa gún un lẹ́yìn. Kò sí iye tó dín kù tó tó ohun tí ìyẹn lè fà.

Fún ọ̀nà jíjìn, Èkó tàbí Ọ̀yọ́, Sienna ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ̀yìn síìtì kẹta rẹ̀ ní kòtò tó jìn. Ẹ kó àwọn táyà sínú kòtò yẹn, ẹ gbé férémù lé e. HiAce náà dáa, ṣùgbọ́n àyè ẹ̀yìn rẹ̀ tín-ín-rín, ó ga; ẹ dá ẹrù yín dúró níbẹ̀ ni, ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀. Orí ọkọ̀ tó ní kárià náà wà, kò sì gba àyè ẹnikẹ́ni, nítorí náà ó yẹ kó wọ́n kéré jù lọ. Ohun tó le níbẹ̀ ni ìdè: ibi mẹ́ta ni kí ẹ ti so férémù mọ́ kárià, kí síìtì àti pẹ́dàlì ti kúrò lára rẹ̀, kí ẹ sì gbọn ọ́n lọ́wọ́ fúnra yín. Tó bá mì nígbà tí ọkọ̀ dúró, ó máa já tó bá ń sáré.

Reluwé ń bẹ pẹ̀lú. Ibùdó Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Mọ́níyà ni ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà 2021 ti ń gbéra lọ sí Ẹbúté Mẹ́ta, ó ń gba Ọ̀mí-Adió, Abẹ́òkúta àti Agége kọjá, gbogbo ọ̀nà náà jẹ́ kìlómítà 157. Fún ẹni tó ní kẹ̀kẹ́, ohun tó dáa nínú rẹ̀ ni pé èèyàn kì í jókòó lé èèyàn lórí. Ẹ dì í sínú àpò kí ẹ tó dé ẹnu géètì, ẹ dé tó wákàtí kan ṣáájú, ẹ sì bèèrè ọ̀rọ̀ ẹrù lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ibùdó kí ẹ tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣírò owó tó máa gbé yín dé Mọ́níyà mọ́ ọn, torí ibẹ̀ jìnnà sí àárín ìlú. Ẹni tó ń bọ̀ láti Òkè-Àdó tàbí Mọlété lè san owó ẹrù tó pọ̀ ju ti reluwé lọ kó tó débẹ̀.

Ìlú olókè ni Ìbàdàn. Ẹ má san owó ẹrù lórí ọ̀nà tí ẹ lè gùn. Bódìjà sí Sángo, Sángo sí iwájú Yunifásítì, ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ ń rìn ni. Ẹ fi ọkọ̀ gba ibi tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tàbí ibi tí tírélà ti pọ̀, kí ẹ gun ìyókù.

Bí ẹ ṣe máa tú u

Irinṣẹ́ tí ẹ nílò ò pọ̀: sípánà 15, áláńkíì 4, 5 àti 6, àkísà méjì, ọ̀rá, igi kékeré méjì, àti rọ́bà túùbù. Rọ́bà yìí ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ lọ bá fọganáísà, ẹ ní kó fún yín ní túùbù tó ti bàjẹ́. Ẹ fi ọ̀bẹ là á ní òró, kó fẹ̀ tó ìka méjì, kó gùn tó mítà kan, ẹ gé márùn-ún. Ó ń fà, kì í yọ̀, kì í sì fi ojú okùn sára férémù.

Ẹ kọ́kọ́ ti gíà títí ṣéènì fi máa wà lórí onéyín tó kéré jù lọ lẹ́yìn. Ìyẹn máa jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn jáde wọ́ọ́rọ́. Ẹ tú búréèkì: èyí tó ń fi rọ́bà fún rìǹmù mọ́ra, ẹ tẹ apá rẹ̀ méjèèjì pọ̀ kí ẹ sì yọ irin kékeré tó tẹ̀ yẹn kúrò lẹ́nu ìhámọ́ rẹ̀. Tó bá jẹ́ búréèkì onípáànù tó ń lo epo, gbàrà tí ẹ bá ti yọ táyà, ẹ ki páálí tó nípọn sáàárín páàdì búréèkì méjèèjì. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì tẹ ọwọ́ búréèkì nígbà tí páálí ò sí níbẹ̀, àwọn méjèèjì á sún lẹ̀ mọ́ra, táyà ò sì ní wọlé mọ́ nígbà tí ẹ bá dé ibi tí ẹ ń lọ.

Pẹ́dàlì ló ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn nínú jẹ́. Ti ọ̀tún ń tú bíi nọ́ọ̀tì gbogbo, ti òsì ń tú ní òdìkejì. Ẹ má gbìyànjú láti rántí ọ̀tún àti òsì. Ẹ fi ẹnu sípánà há pẹ́dàlì kí ọwọ́ ìdìmú rẹ̀ wo òkè, kí ẹ fà á sí apá ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, fífà sẹ́yìn ló ń tú u, fífà síwájú ló ń dè é. Ẹni tó bá fi agbára yí ti òsì sí òdì, á jẹ gbogbo ojú ìdè inú apá pẹ́dàlì, apá tuntun ló sì máa rà.

Háńdù ní oríṣi méjì. Tí ẹ bá rí nọ́ọ̀tì kékeré mẹ́rin tàbí méjì níwájú ibi tó ti di ọ̀pá háńdù mú, àwọn yẹn ni kí ẹ tú, ọ̀pá á já, ẹ ó so ó mọ́ férémù. Ẹ má fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì tó wà lókè téńté. Òun ló di fọ́ọ̀kì mú, irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí táyà iwájú ń wọ̀ sí. Tí ẹ bá tú u pẹ̀lú àwọn ti ẹ̀gbẹ́, fọ́ọ̀kì á já wálẹ̀, bọ́ọ̀lù inú bíárì á fọ́n sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gáréèjì, ẹ ò sì ní rí gbogbo wọn ṣà. Kẹ̀kẹ́ ayé àtijọ́ yàtọ̀: nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ló wà lókè, ẹ tú u díẹ̀, kó yọ sókè bíi sẹ̀ntímítà kan, ẹ fi igi lù ú wẹ́rẹ́ kó lè wọlé padà, háńdù á sì yí bí ẹ ṣe fẹ́.

Kí ẹ tó ti síìtì wálẹ̀, ẹ fi bírò tàbí téèpù sàmì sí ibi tó wà. Orúnkún yín á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ẹnu fọ́ọ̀kì tí kò sí táyà nínú rẹ̀ máa ń fún pọ̀ tí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ gé igi tó gùn tó sẹ̀ntímítà 10 sáàárín ti iwájú, àti 13 àtààbọ̀ sáàárín ti ẹ̀yìn, ẹ fi téèpù dè é kó má bàa já. Ẹ ki nọ́ọ̀tì, wáṣà àti gbogbo wẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ sínú ọ̀rá kan, ẹ so ọ̀rá náà mọ́ férémù. Ẹ má kó wọn sápò ṣòkòtò. Tí táyà yín bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ tú, sípíríǹgì kékeré méjì wà níbẹ̀: ẹnu tó tín-ín-rín ló máa kọjú sí àárín táyà nígbà tí ẹ bá ń dá a padà.

Ẹ gbé táyà kan sí ẹ̀gbẹ́ férémù kọ̀ọ̀kan, ẹ fi àkísà sáàárín kí irin má bàa ha irin, ẹ fi rọ́bà dè é níbi mẹ́rin. Ẹ fi ọ̀rá we ṣéènì àti gíà pátá. Lẹ́yìn náà, àpò. Àpò ìrẹsì kílò 50 méjì tí ẹ rán pọ̀ tó, báàgì Gánà-mọ́sì-gó tó tóbi jù náà tó. Ẹ má fojú kéré àpò yìí. Ohun tí táyà rẹ̀ hàn síta, ọkọ̀ ni lójú awakọ̀, iye ọkọ̀ ló máa pè é. Ohun tó wà nínú àpò, ẹrù ni. Àwọn èrò tó kù pẹ̀lú kì í sọ̀rọ̀ sí i.

Ẹni tó bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta mẹ́rin kì í lò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ẹ má ṣe é ní gáréèjì fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ fi ọjọ́ Sátidé kan gbìyànjú rẹ̀ nílé.

Bí ẹ ṣe máa sọ ọ́

Ẹ lọ láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán tí ẹ bá lè lọ nígbà náà. Láàárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́, awakọ̀ ò nílò owó ẹrù yín, èrò ń du ọkọ̀ lọ́wọ́ ara wọn. Ẹ gbé àpò yín kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ búùtù, ẹ má tíì gbé e wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀jọ́ọ́ ni?"
"Ẹ wọlé, ó ku ẹni méjì."
"Mo ní ẹrù kan, mo ti dì í. Búùtù ló máa wọ̀, kò ní gba síìtì."
"Kí ló wà nínú ẹ̀?"
"Báísíkù ni, mo ti tú u."
"Háà, báísíkù! Ẹ san ti ẹni méjì."
"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé e wò ná. Kò wúwo. Mo máa san ìdajì, èmi náà ni màá gbé e wọlé."

Ẹ má purọ́ pé kì í ṣe báísíkù. Tó bá mọ̀ lójú ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ ni àga ìdájọ́ wà nígbà náà. Ẹ jẹ́ kó gbé e wò lóòótọ́: kẹ̀kẹ́ púpọ̀ ò ju kílò 12 sí 18 lọ, ọ̀pọ̀ awakọ̀ sì máa ń rọ̀ gbàrà tí wọ́n bá ti gbé e lọ́wọ́.

Ẹ bèèrè ọ̀rọ̀ kan sí i: "Ṣé owó aláàárù wà nínú ẹ̀?" Tí ẹ ò bá bèèrè, ẹni tó bá yín ti búùtù pa máa nawọ́ sí yín, òmíràn tún máa wá bèèrè níbi tí ẹ ti máa sọ̀. Ẹ mú ṣéńjì dání. Iye tí ẹ bá fẹ́nu kò sí, ẹ san án geere, kí èrò kan tàbí méjì sì gbọ́ ọ.

Fún ọ̀nà jíjìn, ẹ ní kí wọ́n kọ ẹrù náà àti iye rẹ̀ sórí ìwé tí wọ́n fún yín. Nígbà mìíràn, awakọ̀ á gbé èrò rẹ̀ fún awakọ̀ mìíràn lójú ọ̀nà, ẹni kejì á sì ní òun ò mọ ohunkóhun nípa owó ẹrù. Ìwé ló máa bá yín sọ̀rọ̀.

Nípa ìgbà tí wọ́n máa gbé e wọlé: ẹ tètè fẹnu kò, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó wọ búùtù kẹ́yìn. Ohun tó bá kọ́kọ́ wọlé, àpò gàrí àti gálọ́ọ̀nù epo ló máa gun orí rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ kí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ kan ilẹ̀, kí ẹ̀gbẹ́ ṣéènì wo òkè. Irin pẹlẹbẹ kékeré tó so gíà ẹ̀yìn mọ́ férémù wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó sì rọ̀. Tó bá tẹ̀ díẹ̀, gíà á bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Tó bá tẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ tí ẹ bá ti gíà sí èyí tó tóbi jù láti gun òkè Mọ́kọ́lá, á wọ inú sípóòkù, á fà wọ́n já.

Ibòmíràn àti ibí

Ní Copenhagen, láti 2010 ni kẹ̀kẹ́ ti ń wọ reluwé ìgboro tí wọ́n ń pè ní S-tog lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Netherlands, tíkẹ́ẹ̀tì kẹ̀kẹ́ wà lọ́tọ̀, wọn kì í sì gbà á láàárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ nígbà tí èrò bá pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ṣeé ká tí wọ́n sì ti ká ò san kọ́bọ̀. Òfin Yúróòpù lórí ẹ̀tọ́ èrò reluwé ní kí iléeṣẹ́ reluwé tó bá ń ra ọkọ̀ tuntun fi àyè kẹ̀kẹ́ mẹ́rin sí i, ó kéré tán. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà, irin kan wà níwájú bọ́ọ̀sì tí èrò ń gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ láìsan àfikún.

Ẹ kíyè sí i pé àyè àti àkókò náà ni wọ́n ń wò lọ́hùn-ún. Ìyàtọ̀ ni pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ń dùn mí pé a ò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ níbí. Kò gba owó rẹpẹtẹ: pátákó kan lẹ́nu gáréèjì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ ẹrù tí kò gba ìjókòó sí ìlà kan, èyí tó gba ìjókòó kan sí ìlà kejì, èyí tó gba méjì sí ìkẹta. Awakọ̀ ò ní pariwo, akẹ́kọ̀ọ́ tó ra kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀ láti fi dín owó ọkọ̀ kù ò sì ní ná gbogbo ohun tó fi pamọ́ lọ́jọ́ tó ń gbé e lọ sílé. Àwọn bọ́ọ̀sì ìjọba ìpínlẹ̀ wa ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣe é.

Ìgbà tí ẹ bá sọ̀

Ẹ ka rọ́bà yín, ẹ ka nọ́ọ̀tì inú ọ̀rá, kí ọkọ̀ tó lọ. Táyà tí ẹ tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ kó lè fún mọ́ àyè, fọganáísà lè fún un tí ẹnu fáàfù rẹ̀ bá nípọn bíi ti mọ́tò. Èyí tó tín-ín-rín tó ní nọ́ọ̀tì kékeré lórí ò ní gba ẹnu pọ́ńpù rẹ̀, àfi kí ẹ ní ìdérí idẹ kékeré tí wọ́n ń dè mọ́ ọn. Ẹ wo iye tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà kí ẹ tó ní kó fún un, torí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún táyà mọ́tò lè bẹ́ túùbù kẹ̀kẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ táyà 26 tó gbòòrò, PSI 40 sí 50 ló máa ń tó.

Ẹ gbé táyà sókè, ẹ yí i, ẹ wò ó bóyá ó ń ha búréèkì. Ẹ di háńdù, ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì há táyà iwájú mọ́ra, ẹ fi ọwọ́ yí háńdù: tó bá yí tí táyà ò yí, kò tíì le tó. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ búréèkì méjèèjì lẹ́ẹ̀mẹwàá lórí ìdúró, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí ẹ tó gun un wọ àárín ọkọ̀.